Títo Mọ́nítọ̀ Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fi Ní Í Jóná, Tí Kò sì Ní Í Ba Ojú àti Ọrùn Jẹ́

Púpọ̀ nínú àwọn mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ fún àtúnṣe ní Lágere àti Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ni kò ní àrùn kankan lára. Ẹni tí ó rà á ti gbé e délé, ó ti ki wáyà bọ ihò tí ó kọ́kọ́ rí, ó ti tan iná, ojú mọ́nítọ̀ ṣú dùdù tàbí kí ó kàn kọ “No Signal”, olúwarẹ̀ sì ti gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Àwọn tí tiwọn tàn náà kò tíì bọ́ nínú ewu, nítorí ibi tí àyè bá ṣẹ́kù lórí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń ta wọ́n lójú, ọrùn wọn ń tẹ̀ síwájú, wọn kì í sì í yọ ọ́ kúrò lára iná títí tí iná tí ó ya wá lálẹ́ ọjọ́ kan yóò fi sun ún.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì, yálà akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yín tí ẹ ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá yín nínú yàrá ní Asherifa, tàbí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí ẹ ti ń jókòó síwájú mọ́nítọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e bí a ṣe tò ó. Bí ojú bá tilẹ̀ ń kán yín, ẹ má fo ìgbésẹ̀ kejì.

Àwọn ohun tí ẹ óò nílò

Kí ẹ tó tú mọ́nítọ̀ jáde nínú páálí, ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí tòsí:

– mọ́nítọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti àwọn nọ́ọ̀tì tí ó bá a wá;
– wáyà iná rẹ̀, tàbí ádáptọ̀ tirẹ̀ gan-an bí ó bá jẹ́ èyí tí ń lo ádáptọ̀;
– wáyà àwòrán kan (HDMI, DisplayPort, DVI tàbí VGA) tí orí rẹ̀ méjèèjì bá ihò mọ́nítọ̀ àti ti CPU (àpótí kọ̀ǹpútà tí a ń so mọ́nítọ̀ mọ́) mu;
– UPS (ẹ̀rọ oníbátìrì tí ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ), tàbí stabilizer bí agbára kò bá tíì ká UPS;
– tábìlì tí kì í mì àti àga tí ẹ lè fẹ̀yìn tì;
– aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń nu awò ojú;
– rìímù ìwé A4 méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì já. Ẹ óò rí ìwúlò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ keje.

Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí ó tàn níwájú yín fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó sanwó, nítorí àwọn kan wà tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú àfi bí ara wọn bá ti gbóná. Ẹ ní kí òǹtajà fi àwọ̀ funfun kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, kí ẹ máa wá ìlà tàbí ẹ̀kán tí kò bá àwọ̀ yòókù yí padà. Ẹ̀kán kan ní igun kì í dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kàn lè fi í ná owó rẹ̀ wálẹ̀ ni. Ìlà gígùn ní tirẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ni, kò sí iye tí wọ́n lè dín in kù sí tí ó yẹ kí ẹ fi rà á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ibi tí yóò wà

Fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá wà lẹ́yìn yín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò máa ta láti ojú mọ́nítọ̀ padà sójú yín. Bí ó bá sì wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀, ojú yín yóò máa bá ìmọ́lẹ̀ ìta jà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbójú sókè. Ẹ̀gbẹ́ yín ni kí fèrèsé wà, ì báà ṣe lọ́tùn-ún tàbí lósì. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí bẹ́ẹ̀dì ti gba ìdajì rẹ̀, èyí kì í fi gbogbo ìgbà ṣeé ṣe, nítorí náà kí ẹ ta kọ́tìnnì tí ó nípọn, kí ẹ sì máa fà á dí ní àsìkò tí oòrùn bá ń wọlé tààrà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbójú sókè wo àjà. Òjò Ifẹ̀ kì í ṣe kékeré, ibi tí àmì omi bá ti wà lára àjà, bí ó tilẹ̀ ti gbẹ, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ to ohun tí ń lo iná sí. Ẹ fi àyè tí ó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ àti ògiri kí ooru rẹ̀ lè máa jáde.

Àyẹ̀wò: Ẹ gbé mọ́nítọ̀ síbẹ̀ láì tan án, kí ẹ jókòó síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ tí ó dúdú. Bí ẹ bá rí àwòrán fèrèsé nínú rẹ̀, ẹ yí tábìlì díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní í sí níbẹ̀ mọ́. Ní alẹ́, ẹ tan gílóòbù kí ẹ tún un wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣètò iná kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ ara wọn

Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ òde òní tí ó jẹ́ ínǹṣì 24 kì í jẹ iná púpọ̀. Bíi wáàtì 20 sí 30 ni. Ohun tí ń pa á ni iná tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ó ń wálẹ̀ tí ó tún ń fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ tàbí ádáptọ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí ó bá jẹ́ 100–240V, 50/60Hz ni wọ́n kọ, yóò gba iná wa, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ fólítì 230. Bí ó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan, ilẹ̀ tí iná wọn kò ga tó tiwa, bí i Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kàn ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ó jóná nìyẹn.

Ìkìlọ̀ lórí ádáptọ̀: Pé ẹnu ádáptọ̀ kan wọ ihò mọ́nítọ̀ yín kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹ fi fólítì tí wọ́n kọ sí OUTPUT rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ádáptọ̀ fólítì 19 tí wọ́n yá lára kọ̀ǹpútà alágbèéká kò gbọdọ̀ kan mọ́nítọ̀ tí ń jẹ fólítì 12. Ní ti ámípíà (iye tí wọ́n kọ A sí lẹ́yìn), ti ádáptọ̀ lè ju ohun tí mọ́nítọ̀ béèrè lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i. Ẹ wo àwòrán kékeré tí ó fi àmì ìpapọ̀ àti àmì ìyọkúrò hàn pẹ̀lú, kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu.

Ara UPS ni kí mọ́nítọ̀ àti CPU ti máa gba iná. Ní ara ẹ̀yìn àwọn UPS kan, ihò oríṣi méjì ni ó wà: èyí tí bátìrì ń ràn lọ́wọ́, àti èyí tí ó kàn ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tí ó bá fò. Àwọn kan ki mọ́nítọ̀ bọ èkejì yìí láìmọ̀, nígbà tí iná lọ, CPU ń ṣiṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn, wọn kò sì rí ojú ibi tí wọn ó ti fi iṣẹ́ wọn pamọ́. Ẹ kà ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà dáadáa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníléésà àti áyọ́ọ̀nù kò ní nǹkan ṣe lára UPS rárá. Iná tí wọ́n ń fà nígbà kan náà pọ̀ ju ohun tí ó lè gbé lọ.

Ẹni tí kò ní UPS lè lo stabilizer, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé stabilizer kò lè gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ. Ó ń tún iná tí ó kéré tàbí tí ó ga ṣe ni.

Ìkìlọ̀ lórí pílọ́ọ̀gì: Bí fíùsì inú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bá jó, ẹ ra òmíràn tí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tí ń fi wáyà tín-ínrín tàbí bébà sìgá rọ́pò rẹ̀ ti mú ohun kan ṣoṣo tí ìbá kú dípò mọ́nítọ̀ kúrò. Ẹ má sì ṣe gé ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lára pílọ́ọ̀gì kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, torí ẹsẹ̀ yẹn ni ó ń darí iná tí ó bá ṣìnà sínú ilẹ̀.

Àyẹ̀wò: Lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara pílọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò burú. Bí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi yọ ọwọ́, tàbí tí ẹ ń gbọ́ tá-tá-tá nínú rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti dẹ̀. Ẹ pa á, kí ẹ pe oníná kí ó wá pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ de ẹsẹ̀ mọ́nítọ̀

Ẹ ṣẹ́ aṣọ rírọ̀ kan po lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tábìlì, ẹ rí i pé kò sí bírò tàbí kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ da ojú mọ́nítọ̀ dé e, kí ẹ sì de ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú. Ẹni tí ó bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ nígbà tí ó ń gbé e lè fọ́ gíláàsì inú lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ìta rẹ̀ sán, kò sì sí àtúnṣe fún un ju kí a pààrọ̀ ojú rẹ̀ lọ, owó èyí sì máa ń fẹ́ẹ̀ tó ti mọ́nítọ̀ mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ògiri ni ẹ fẹ́ gbé e kọ́, ẹ wọn àlàfo ihò mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mìlímítà 75 tàbí 100 ni ó sábà máa ń jẹ́, òun ni kí ẹ fi ra irin ìkọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ so wáyà àwòrán pọ̀

Ibí ni wàhálà “No Signal” ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa CPU, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹ óò rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ ni ihò àwòrán kan tàbí méjì wà. Nínú àwọn CPU kan, ẹ óò tún rí ihò àwòrán mìíràn nísàlẹ̀, tí wọ́n dùbúlẹ̀ lára irin pẹlẹbẹ kan tí ó dá dúró. Bí ti ìsàlẹ̀ bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ ki wáyà sí, nítorí pé káàdì àwòrán ni, nínú ọ̀pọ̀ CPU ni ihò ti òkè sì ti máa ń dákẹ́ bí káàdì bá ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti tìtorí ihò òkè yìí ra wáyà tuntun tí wọn kò nílò.

HDMI àti DisplayPort kò le: ẹ wo ìrísí ẹnu wọn, ẹ má fi agbára tì í. DisplayPort mìíràn ní ìkọ́ kékeré méjì tí ó máa ń há. Ẹ tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ. VGA, tí orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ aró, ni ó gba sùúrù. Abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín ló wà nínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ mẹ́ta, ihò 15 ni ó sì wà lára CPU fún wọn. Ẹ gbé orí wáyà náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí ẹ wò ó. Bí abẹ́rẹ́ kan bá tẹ̀, ẹ ki ẹnu bírò onílẹ́ẹ̀dì tí kò ní lẹ́ẹ̀dì nínú bọ̀ ọ́ lórí, kí ẹ rọra tọ́ ọ padà. Bí ẹ bá fi ipá ti wáyà náà wọlé bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò kán. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan ṣoṣo kò sí ní ẹsẹ àárín, nítorí ọ̀pọ̀ wáyà VGA ni wọ́n ṣe láìfi kún un, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti wọlé, ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí tí wọn yóò fi mú.

Àyẹ̀wò: Ẹ fa wáyà náà díẹ̀ ní orí méjèèjì. Kò gbọdọ̀ yọ, kò sì gbọdọ̀ mì. Bí ẹ bá tan án tí ohun gbogbo wá pọ́n tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé lára, abẹ́rẹ́ kan ni kò kan ara wọn nínú VGA. Kì í ṣe ojú mọ́nítọ̀ ni ó bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tan án, kí ẹ yan ẹnu ọ̀nà tí ó tọ́

Ẹ kọ́kọ́ tan mọ́nítọ̀, lẹ́yìn náà CPU. Bí “No Signal” bá jáde, ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí lára rẹ̀, lábẹ́ tàbí lẹ́yìn ni ó sábà máa ń wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dé orí orúkọ wáyà tí ẹ lò. Mọ́nítọ̀ tí wọ́n ti fi sórí VGA kò ní í fi gbogbo ìgbà lọ wo HDMI fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tí kò sì tàn, ẹ yọ wáyà àwòrán kúrò lẹ́yìn CPU nígbà tí mọ́nítọ̀ ṣì wà lórí iná. Bí ó bá sọ̀rọ̀ síta, pé òun kò rí wáyà tàbí pé òun kò rí àwòrán, mọ́nítọ̀ náà wà láàyè, inú CPU tàbí wáyà ni kí ẹ ti máa wá àléébù. Bí CPU bá ń ké pí-pí-pí nígbà tí ẹ tan án, mẹ́mọ́rì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò pẹ̀lú projector kẹ́yìn, tí ó sì ní Windows, lè ti gbàgbé mọ́nítọ̀: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti P pọ̀, kí ẹ yan èyí tí ó kọ́kọ́ wà nínú àkójọ tí ó bá jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún ìwọ̀n àwòrán ṣe

Bí lẹ́tà bá tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó rí wúruwùru létí, tàbí tí orí ènìyàn inú àwòrán fẹ̀ gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ojúde kọ̀ǹpútà (Desktop), kí ẹ yan Display settings, kí ẹ sì lọ sí Display resolution. Èyí tí wọ́n kọ Recommended sí ni kí ẹ mú. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ínǹṣì 22 sí 24, 1920 × 1080 ni yóò jẹ́.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tí lẹ́tà kéré jù lójú wọn ń dín ìwọ̀n yìí kù. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, Scale ni kí ẹ yí láti 100% sí 125% tàbí 150%. Lẹ́tà yóò tóbi, yóò sì ṣì hàn kedere.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ mú un bá ara yín mu

Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ yín tẹlẹ̀ dáadáa, kí ẹ na apá síwájú. Orí ìka yín ni kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú mọ́nítọ̀; ó fi díẹ̀ dín tàbí fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 60. Etí òkè ojú mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ẹyinjú yín tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ẹ ń wo ìsàlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kàwé láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní iwájú yín gan-an. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, wọ́n sábà máa ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí oníbàárà lè rí i. Ẹni tí ń tẹ̀wé ni yóò wá máa yí ọrùn ní gbogbo ọjọ́. Ẹ yí i sí oníbàárà nígbà tí ó bá fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yí i padà.

Bí ẹsẹ̀ mọ́nítọ̀ kò bá ṣeé fà sókè, àwọn rìímù ìwé wa nìyẹn. Rìímù ìwé 500 tí ó jẹ́ giramu 80 ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, nítorí náà méjì yóò gbé e sókè tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti já, nítorí ìwé rẹ̀ yóò máa yọ̀ lórí ara wọn, ọjọ́ tí ọmọdé bá sì fa wáyà, gbogbo rẹ̀ ni yóò wá sílẹ̀.

Àwọn bàbá àti màmá wa tí ń lo awò aláwẹ́ méjì kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ìwọ̀n gíga yìí. Abẹ́ awò náà ni wọ́n fi ń kàwé, nítorí náà bí mọ́nítọ̀ bá ga, wọn yóò máa gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n tó ríran. Kí wọ́n gbé tiwọn wálẹ̀ sórí tábìlì gan-an, kí wọ́n sì dẹ ojú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tuntun ni ó máa ń mọ́lẹ̀ jù láti inú páálí. Ẹ ṣí ìwé funfun kan sójú rẹ̀, kí ẹ mú bébà A4 kan dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ń tàn yàà ju bébà lọ, ẹ dín Brightness kù. Bí ó bá ṣú jù ú lọ, ẹ fi kún un. Bí àsìkò bá ti yí, ẹ tún un ṣe, nítorí èyí tí ó dára lọ́sàn-án yóò máa fọ́ yín lójú lóru.

Àyẹ̀wò: Ẹ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ sì ṣọ́ ara yín. Bí ẹ̀yìn yín bá ti kúrò lára àga tí àgbọ̀n yín sì ti sún síwájú, mọ́nítọ̀ ti jìnnà jù tàbí lẹ́tà ti kéré jù. Bí èjìká bá ń ro yín, ẹ wo kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó dá mọ́nítọ̀ lẹ́bi, ó ṣeé ṣe kí tábìlì ti ga jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ojú kúrò kí ẹ wo ohun tí ó wà níwọ̀n mítà mẹ́fà sí yín fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sì máa ṣẹ́jú, nítorí ẹni tí ó tẹjú mọ́ mọ́nítọ̀ kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ. Ojú tí ó ń ta tàbí orí tí ń fọ́ tí kò lọ lẹ́yìn gbogbo èyí jẹ́ ti dókítà ojú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Nígbà tí iná bá lọ, ẹ pa bọ́tìnì sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó bá dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ wo bóyá gílóòbù ń tàn déédéé, kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀ kí ẹ tó gbé iná sí i, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má dúró títí epo yóò fi tán nínú rẹ̀, nítorí bí ó bá ń kú lọ, ó máa ń mí sókè mí sódò, iná rẹ̀ á sì máa fò bẹ́ẹ̀.

Bí àwọsánmọ̀ bá ṣú, tí ẹ gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá. Pípa bọ́tìnì nìkan kò tó, UPS àti stabilizer kò sì lè dá mànàmáná dúró. Bí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ìta wọlé sí kọ̀ǹpútà yín, ẹ yọ òun náà.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku á bo ojú mọ́nítọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ gbọn eruku kúrò láìtẹ̀ ẹ́, nítorí iyanrìn tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ tí yóò ha á. Bí àbàwọ́n bá ṣẹ́kù, ẹ fi omi mímọ́ díẹ̀ rin aṣọ náà kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fọ́n omi sójú rẹ̀ tààrà, torí yóò ṣàn lọ sí etí ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn wáyà inú wà. Sípírítì, omi ìnu-gíláàsì fèrèsé àti omi ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án.

Mọ́nítọ̀ tí ó bá kú kì í ṣe ohun tí à ń tú nílé. Nínú àwọn onídìí ńlá àtijọ́, iná tí ó lè pa ènìyàn lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ pílọ́ọ̀gì, àwọn pẹlẹbẹ náà kò sì ṣàì ní tiwọn nínú ibi tí ó ń gba iná. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ní ìdúró, kí ojú rẹ̀ kọjú sí ara yín bí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà. Ẹ gbé wáyà iná, ádáptọ̀ àti wáyà àwòrán rẹ̀ dání pẹ̀lú, nítorí bí ó bá jẹ́ wáyà ti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi dán an wò, ó lè tàn lọ́hùn-ún kí ó sì tún kọ̀ láti tàn bí ẹ bá padà délé.